Ṣé kí n fọwọ́ sí Early Decision ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mi wà ní kíláàsì 12 l'Amẹ́ríkà ńbí, Early Decision, ìyẹn kéèyàn tètè kọ̀wé sí yunifásítì kan ṣoṣo pẹ̀lú àdéhùn, ló fẹ́ fi wọ yunifásítì, owó ló ń bà mí lẹ́rù.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má tíì sáínì o! Tí wọ́n bá ti gbà á, ibẹ̀ náà ló máa lọ nìyẹn, ẹ ò ní lè fi owó ìrànwọ́ wọn wé ti ibòmíì mọ́, àfi tí èyí tí wọ́n fún yín ò bá tó ni wọ́n fi lè tú yín sílẹ̀. Early Action, ọ̀nà kejì téèyàn lè gbà tètè kọ̀wé, ò deni mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun lèmi fara mọ́. Ẹ jókòó ti ọmọ yẹn lálẹ́ òní, ẹ wá net price calculator, ìyẹn ohun tó ń ṣírò iye tó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ san lẹ́yìn owó ìrànwọ́, lórí wẹ́ẹ̀bù iléèwé náà, ẹ tẹ owó tó ń wọlé fún yín sí i, ẹ jẹ́ kóun náà fojú ara ẹ̀ rí iye tó máa jáde.