Kí Ẹ Tó Fi Ẹran àti Ẹja Sílẹ̀: Èsì Láti Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin arábìnrin wa tí ẹ kọ̀wé láti Ìkòròdú, mo ka ìbéèrè yín dáadáa. Ẹ ní dókítà sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, ẹ ní nínú ààwẹ̀ tí ẹ gbà kọjá, ọkàn yín balẹ̀ lọ́nà tí kò ṣẹlẹ̀ rí nígbà tí ẹ kò fẹnu kan ẹran, ẹ sì ní ẹ ti gbọ́ pé màlúù wà lára ohun tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ fi ẹran àti ẹja sílẹ̀ pátápátá, àti ohun tí ẹ lè ṣe sí ti ọkọ yín tó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi méjèèjì sílẹ̀, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ ẹja, mo sì jẹ́ ọmọ obìnrin tó fi ẹja yíyan tọ́ wa. Nítorí náà, ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni pé ohun tí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn yàtọ̀ síra. Ẹni tó torí Ọlọ́run fi ẹran sílẹ̀ lè máa fi búrẹ́dì àti tíì ṣe oúnjẹ lójoojúmọ́, kí ẹ̀jẹ́ rẹ̀ má sì bàjẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ lè má gbádùn. Ẹni tó torí ìlera fi í sílẹ̀ lè jẹ ẹja díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí dókítà rẹ̀ sì yìn ín. Ẹni tó sì jẹ́ pé ayé tó ń gbóná ló ń dùn ún, ẹran màlúù ló yẹ kó kọ́kọ́ kúrò nínú àwo rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀pìyà inú ọ̀sà. Mo mọ àwọn kan tó da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láìbi ara wọn léèrè èyí tó jẹ wọ́n lógún jù, nígbà tí ọ̀kan kò sì mú èrè tí wọ́n ń retí wá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n jọ pa tì.

Ti ẹ̀mí ló mú èmi wọ ọ̀nà yìí. Inú ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí, Kristẹni ni ọkọ mi, ìhà méjèèjì ni mo sì ti gbọ́ ìwàásù. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní, ẹsẹ 29, ewéko àti èso igi ni Ọlọ́run fún èèyàn ní oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ní orí kẹsàn-án, ẹsẹ 3, lẹ́yìn ìkún omi, ó fàyè gba Nóà àti àwọn ọmọ rẹ̀ láti jẹ ẹran. Dáníẹ́lì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ oúnjẹ ọba, ẹ̀fọ́ àti omi ni wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́wàá jẹ, ojú wọn sì dára ju ti àwọn tó kù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, ní orí 14, pé kí ẹni tó ń jẹ má ṣe fojú tín-ínrín ẹni tí kò jẹ, kí ẹni tí kò jẹ má sì dá ẹni tó ń jẹ lẹ́bi. Ní ti Kùránì, Súrà Hájì, ẹsẹ 37, sọ ọ́ gbangba pé ẹran tí a pa àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó wà lọ́kàn ẹni ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ó rí i pé kò sí ìkankan nínú ìwé méjèèjì tó fi ẹran jíjẹ ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí èyí tó pàṣẹ pé kí onígbàgbọ́ máa jẹ ẹ́ ní dandan lójoojúmọ́.

Àwọn bàbá wa pàápàá mọ̀ pé èèyàn lè yẹra fún oúnjẹ nítorí ẹ̀mí. Èèwọ̀ ìdílé kan ni òkété, ti òmíràn sì lè jẹ́ ẹran mìíràn. Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n pé kí ló dé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà kì í sọ pé aláìmọ́ ni ẹni tó ń jẹ ẹ́. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń wo tèmi. Ohun tí mo rí gbà nínú rẹ̀ ni ìfọ̀kànbalẹ̀ nídìí àdúrà àti ìkóra-ẹni-níjàánu nídìí oúnjẹ, mi ò sì lè ṣèlérí pé ẹlòmíràn á rí bákan náà. Bí ọdún Iléyá bá dé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi a pa àgbò, èmi ni mo sì máa ń bá wọn pín in sí ike fún àwọn aládùúgbò, nítorí pé ẹran tó tọ́ sí aláìní kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ mi bọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti ń mú kí ẹ rò pé ẹ mọ́ ju ìyá ọkọ yín lọ, ẹ tètè padà sídìí ọbẹ̀ ẹran yín, kò ní pa yín lára tó bẹ́ẹ̀.

Ti ìlera ló gùn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Àǹfààní wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ tàbí kẹ́míkà pa mọ́, irú sọ́séèjì àti bíìfù inú agolo, ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé bí èèyàn bá ń jẹ gíráàmù 50 rẹ̀ lójoojúmọ́, ewu náà á fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ẹran pupa lásán, irú ti màlúù àti ewúrẹ́, ni wọ́n fi sí ipò ohun tó ṣeé ṣe kó máa fà á. Ìwádìí ńlá kan tún wà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láàárín àwọn ọmọ ìjọ Seventh-day Adventist ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, iye àwọn tó kópa nínú rẹ̀ tó nǹkan bí 96,000, ó sì hàn níbẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí kì í jẹ ẹran tó bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi apá kan pa mọ́ fún yín: ìwádìí àwọn ará Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gbé jáde ní 2019, fi hàn pé àrùn ọkàn tí ìdínà ẹ̀jẹ̀ ń fà dín kù lára àwọn tí kì í jẹ ẹran, àmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ pọ̀ díẹ̀ láàárín wọn ju ti àwọn tó ń jẹ ẹran lọ.

Wàyí o, ẹran tí ẹ yọ kúrò kọ́ ló máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín, bí ó bá jẹ́ pé iyọ̀ àti màgí ni ẹ tún wá fi ń wá adùn tó bá ẹran lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, kò sì ju ṣíbí kékeré kan lọ, pẹ̀lú èyí tó wà nínú màgí àti búrẹ́dì. Ẹ má ṣe torí pé ẹ ti ń jẹ ẹ̀fọ́ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín dúró. Dókítà ló lè dín in kù, lẹ́yìn tó bá ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín láwọn ìgbà mélòó kan.

Ìyà tí mo ní mo jẹ rèé. Ọdún àkọ́kọ́ dára, ara mi fúyẹ́. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan ni àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ahọ́n mi pupa ó sì ń ta mí, ẹsẹ̀ mi wá ń kú lóru, nígbà tí mo bá sì dìde, ó máa ń dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Àwọn kan ní oògùn tó ń fún ara lẹ́jẹ̀ ni kí n máa mu, mo sì mu ún títí. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti fi nǹkan sí bàtà mi ní ọjà. Dókítà ọ̀dọ́ kan, ọmọ tí mo lè bí, ló bi mí pé kí ni mo ń jẹ, ló wá ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún fítámì B12. Ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì ni fítámì yìí wà, èèyàn kò lè gbójú lé ewébẹ̀ tàbí irú fún un, ẹ̀dọ̀ sì máa ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ fún ọdún díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìpalára rẹ̀ kì í fi í tètè hàn. Bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́ jù, iṣan ara lè bàjẹ́ débi tí kò ní padà bọ̀ sípò mọ́. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gún fún mi, hóró rẹ̀ ni mo sì ń lò títí di òní. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹ sì máa lo B12 láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ohun tí ẹ lè dá ṣe láìsí dókítà, nítorí ọmọ ni àìtó rẹ̀ máa kọ́kọ́ pa lára.

Ohun tó tún ń sọ àwọn tó fi ẹran sílẹ̀ di aláìlẹ́jẹ̀ ni pé ẹ̀bà àti ewédú nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ẹ̀wà ló yẹ kó gba ipò ẹran, kì í ṣe omi ọbẹ̀. Ẹ̀wà olóyin, sésé, ọ̀tílí, sóyà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí: ẹ máa pààrọ̀ wọn. Àdàlù tí àwọn ìyá wa ń sè, ẹ̀wà pọ̀ mọ́ àgbàdo, ti yanjú ọ̀rọ̀ purotéènì tipẹ́, nítorí ohun tó dín nínú ọ̀kan ni èkejì fi ń kún un. Èròjà irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran. Ẹ rẹ ẹ̀wà yín kí ẹ tó sè é, ẹ jẹ ọsàn tàbí ata tútù mọ́ ọn, kí ẹ sì jẹ́ kí tíì jìnnà sí àkókò oúnjẹ, torí ó máa ń dènà rẹ̀. Wàrà àwọn Fúlàní dára fún ẹni tí kò bá kọ mílíìkì, olú náà sì dára nínú ẹ̀fọ́ rírò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti purotéènì kọ́ ni mo ń sọ níbẹ̀, ti adùn ni.

Ẹ óò bá wàhálà pàdé nídìí edé. Kò sí ibi tí kò sí: inú mọ́ínmọ́ín, inú ẹ̀gúsí, inú ìkọ́kọrẹ́, inú ẹ̀fọ́. Ẹ ó sọ ní búkà pé ẹ kì í jẹ ẹran, wọn á dá yín lóhùn pé kò burú, wọn á wá fi pánlá sí i. Bí ẹ bá ní ẹ kò jẹ ẹja náà, wọn á ṣa ẹran kúrò, wọn á sì da omi rẹ̀ lé ìrẹsì yín lórí. Mo ti jáwọ́ nínú bíbínú sí wọn. Bí mo bá ń lọ síbi àríyá, mo máa ń jẹun nílé. Nílé, irú wooro, àlùbọ́sà tí mo yan díẹ̀ àti epo tí mi ò jẹ́ kó jóná ló ń fún ọbẹ̀ mi ní òórùn tí edé ń fún ti àwọn ẹlòmíràn.

Ní ti ayé tó ń gbóná, òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi í sí ààyè rẹ̀. Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní 2013 pé nínú gbogbo afẹ́fẹ́ amáyégbóná tí ìṣe ọmọ aráyé ń tú sójú sánmà, ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wá láti ìdí ẹran ọ̀sìn, màlúù nìkan ló sì ni nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn. Koríko tí màlúù ń jẹ á kan nínú ikùn rẹ̀, á sì máa gùnfẹ̀ afẹ́fẹ́ méténì jáde, èyí tó ń mú ooru mọ́lẹ̀ ju èéfín mọ́tò lọ fíìfíì. Adìyẹ kì í ṣe irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹja tí apẹja fi ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n mú ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe irú rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé èyí nìkan ni ìdí yín, ẹ fi màlúù sílẹ̀, ẹ ti ṣe púpọ̀. Ti ẹja ní wàhálà tirẹ̀: àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tó ń kó ọmọ ẹja kí wọ́n tó lè yé ẹyin. Èyí tó ń dùn mí jù ni ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń tà ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ẹ óò rí akíkà níbẹ̀ nígbà mìíràn, ẹranko tí kì í sábà bí ju ọmọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan, tí àwọn orílẹ̀-èdè sì fẹnu kò ní 2016 láti fòfin de òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pìyà ṣùgbọ́n tí kò ra akíkà rí sàn lójú mi ju ẹni tó fi ẹja sílẹ̀ tó sì ń bá àlejò rẹ̀ ra ẹran ìgbẹ́ lọ.

Ó ku ti ọkọ yín. Ẹ má ṣe gba ẹran lẹ́nu rẹ̀. Ọbẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa sè, láìsí ẹran nínú rẹ̀, kí ẹ sì din ẹran tàbí ẹja tirẹ̀ sọ́tọ̀, kó máa fi sí i fúnra rẹ̀ nínú àwo. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é. Ọkọ mi ṣì ń jẹ ẹja rẹ̀, èmi náà ni mo sì ń bá a rà á lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ìyá mi. Ní ti yín, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ sọ, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi ẹran màlúù àti ti inú agolo sílẹ̀ láti òní lọ, kí ẹ dín iyọ̀ kù, kí ẹ ṣì máa jẹ ẹja àti ẹyin títí ẹ óò fi mọ ẹ̀wà sè lóríṣiríṣi tí yóò sì máa wù yín jẹ. Bí ọkàn yín bá ṣì ń fẹ́ kí ẹja náà lọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo sọ, ẹ ra B12, kí ẹ sì sọ fún dókítà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.