Ṣé ẹni tí kò ṣe BAC C lè kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Kétu ni mo ti ń kàwé, mo sì wà ní terminale D, ìyẹn ọdún ìkẹyìn lycée ní ẹ̀ka ìmọ̀ ohun alààyè. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló wù mí láti kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ṣe BAC C (ìdánwò àṣejáde lycée ní ẹ̀ka tí ìṣirò pọ̀ jù) ní kí n má dá a láṣà, pé ìṣirò tí àwa ọmọ D mọ̀ kò lè gbé wa débẹ̀. N kò kórìíra ìṣirò, àmọ́ máàkì mi kì í ju 11 tàbí 12 lọ nínú 20. Ṣé òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi sọ? Kí ni mo lè ṣe kí yunifásítì tó wọlé?

Ìdáhùn: Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tó ohun tí o máa torí rẹ̀ jáwọ́. Ìṣirò pọ̀ nínú informatique (ìmọ̀ kọ̀ǹpútà) ní yunifásítì, ẹni tó bá sì sọ fún ọ pé kò sí níbẹ̀, bóyá ó fẹ́ gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ ni. Ọmọ C yóò ṣáájú rẹ díẹ̀ nínú analyse àti algèbre, èyí kò ṣe é jiyàn. Àmọ́ apá tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà gan-an nínú ìṣirò ọdún kìíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní mathématiques discrètes: logique (bí a ṣe ń ronú létòlétò), ensembles (àkójọ ohun), relations (bí ohun kan ṣe tan mọ́ òmíràn), graphes (ojú àmì tí ìlà so pọ̀), àti bí a ṣe ń fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ohun kan rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Púpọ̀ nínú èyí, àti ọmọ C àti ọmọ D, ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti jọ máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Wo àpẹẹrẹ kan. Wọ́n ní kí o kọ ètò kọ̀ǹpútà (programme) tí yóò máa gba orúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀, kí ó gba ẹni tó bá ti pé ọdún 18 tí ó sì ní káàdì ìdánimọ̀, kí ó dá gbogbo àwọn yòókù padà. Báwo lo ṣe máa ṣàpèjúwe ẹni tí ó yẹ kí a dá padà? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ pé, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 tí kò sì ní káàdì. Bí o bá kọ ọ́ báyìí, ẹni ọgbọ̀n ọdún tí kò ní káàdì yóò gba ẹnu ọ̀nà kọjá láìsí ẹni tó máa dá a dúró, ọmọ ọdún 15 tó ní káàdì náà yóò sì kọjá. Ohun tó tọ́ ni pé kí a dá ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 padà, TÀBÍ ẹni tí kò ní káàdì: bí a bá sọ « àti » di òdì, « tàbí » ló máa ń dà. Òfin yìí ni a ń pè ní òfin De Morgan, kò sì sí dérivée tàbí intégrale kankan nínú rẹ̀. Ìṣirò irú èyí ni George Boole gbé jáde ní ọdún 1847 àti 1854, nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà oníná kankan láyé. Ní ọdún 1937 ni Claude Shannon fi hàn pé a lè fi í ṣètò bí iná ṣe ń tàn tí ó sì ń kú nínú ẹ̀rọ.

Èdè Faransé tí a fi ń kọ́ ọ máa ń dá kún ìṣòro àwọn ọmọ wa níbi yìí. Bí wọ́n bá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni òdì gbólóhùn « pour tout étudiant... », á máa wá ọ̀rọ̀ tó dún dáadáa kiri dípò kí ó ronú. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá rò ó: bí mo bá ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló yege, ẹni mélòó ló gbọ́dọ̀ kùnà kí ọ̀rọ̀ mi tó di irọ́? Ẹnì kan péré. Ẹni tó bá ti dáhùn èyí lè wá padà lọ kọ « il existe au moins un étudiant » láìṣì í.

Má sì fojú kéré ohun tí o ti kọ́ ní D. O mọ logarithme, àbí? Ká ní a to orúkọ mílíọ̀nù kan ní ABD, kí o wá orúkọ kan nínú rẹ̀. Bí o bá ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òkè, o lè wo mílíọ̀nù kan kí o tó rí i. Ṣùgbọ́n bí o bá wo èyí tó wà láàárín, tí o ju ìdajì tí orúkọ náà kò lè sí dànù, tí o sì tún wo àárín èyí tó kù, ogún ìgbà ti tó, nítorí pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti 1, tí a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní ìgbà 20, 1 048 576 ni yóò jẹ́. Pín ln(1 000 000) pẹ̀lú ln(2) lórí calculatrice rẹ, ìwọ yóò rí 19,93. Ohun tí logarithme wà fún nínú algorithme (ìgbésẹ̀ tí ètò ń tẹ̀ lé) nìyí, n kò sì mọ ìdí tí a kì í fi í sọ fún àwọn ọmọ lycée.

Ohun tó máa le fún ọ ni ẹ̀rí. Ní lycée, wọ́n á fi àpẹẹrẹ hàn ọ́, ìwọ á sì ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn. Ní yunifásítì, wọ́n á ní kí o fi hàn pé ètò rẹ kò ní kùnà láé, ohunkóhun tí a bá fún un. Máàkì 11 tàbí 12 kò sọ bóyá o lè ṣe èyí. Mo mọ ọmọ C tó gba 16 tí ó gbàgbé gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí pé ó há a sórí ni.

Ẹ̀ka tí o bá yàn máa yí nǹkan padà. Ẹni tó fẹ́ máa kọ ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ṣètò bases de données (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí létòlétò) nílò ensembles àti relations dáadáa, nítorí orí wọn ni Edgar Codd gbé ètò bases de données kalẹ̀ ní 1970, ṣùgbọ́n kò nílò analyse púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe réseaux (bí a ṣe ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) gbọ́dọ̀ mọ òǹkà onímèjì, ti 0 àti 1 nìkan, lórí: àdírẹ́sì IPv4, tí ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀, jẹ́ bit 32 (bit kan jẹ́ 0 tàbí 1), bí wọ́n bá kọ /26 sí i, bit 26 ti lọ fún réseau náà, bit mẹ́fà ló kù, ìyẹn àdírẹ́sì 64, tí 62 nínú wọn ṣe é fún ẹ̀rọ. Intelligence artificielle (ọgbọ́n àtọwọ́dá) ni kí o ronú sí dáadáa, nítorí matrices, dérivées àti probabilités ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ti máa ń ṣẹ jù.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, IFRI, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, wà ní Yunifásítì Abomey-Calavi, ENEAM, ilé ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé àti ìṣàkóso, sì ń kọ́ informatique de gestion (kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ìṣàkóso) ní Kútọnu. IMSP (Institut de Mathématiques et de Sciences Physiques) tó wà ní Dangbo, tí kò jìnnà sí wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé ìṣirò ni láti orúkọ rẹ̀, èmi kò sì ní gbà ọ́ nímọ̀ràn pé ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Inú ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó yege BAC ni kí o ti wo irú BAC tí ibi kọ̀ọ̀kan ń gbà, má ṣe gba ti ẹnu ọ̀rẹ́ gbọ́. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, béèrè bóyá ìjọba fọwọ́ sí licence rẹ̀ (oyè ọdún mẹ́ta) kí ẹnikẹ́ni tó san owó.

Kí yunifásítì tó wọlé, tún puissances, logarithmes àti suites kà, kí ọwọ́ rẹ yá sí wọn; Khan Academy ní ẹ̀kọ́ lédè Faransé lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ kí ó kọ́ ọ ní arithmétique tí wọ́n ṣe ní C, pàápàá divisibilité àti ìyókù tí ìpín máa ń fi sílẹ̀. Kí o sì máa kọ ètò kéékèèké ní Python, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, fóònù Android lásán lè ṣe é. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjà Àjàrá: bí òní bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, ṣé ọjà máa wà ní ọgbọ̀n ọjọ́ sí òní? Àwa ń pè é ní ọjà ọrọọrún nítorí a ń ka òní mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ló wà láti ọjà kan sí èkejì, Python sì máa ka òní sí 0. Kọ 30 % 4 (àmì % yìí ń wá ìyókù ìpín), yóò fún ọ ní 2, kò sí ọjà nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, kọ ètò tó ń wá orúkọ tí mo sọ lókè. Kọ́kọ́ fi bírò tẹ̀ lé e lórí ìwé pẹ̀lú orúkọ mẹ́jọ kí o tó fi kọ̀ǹpútà ṣe é.

Nígbà tí o bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ní kí wọ́n fi maquette ẹ̀ka náà (àkójọ gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀) hàn ọ́. Licence jẹ́ semestre mẹ́fà, crédit 180. Ka iye crédit ìṣirò tó wà nínú semestre méjì àkọ́kọ́, kí o sì wá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kan tó ṣe BAC D, kí o bi í nípa UE (ẹ̀kọ́) tó mú un lọ sí rattrapage, ìyẹn àtúnṣe ìdánwò.