Rọ́bà Ìtọ̀ àti Ibà Tó Tẹ̀lé E

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá mi, wọ́n sì fi rọ́bà sí wọn lára kí ìtọ̀ lè máa gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, ara wọn sì gbóná. Dókítà ní kòkòrò ti wọ ilé-ìtọ̀ wọn. Abọ́ kan ṣoṣo ni mo rí tí wọ́n fi ń da ìtọ̀ gbogbo aláìsàn tó wà nínú yàrá náà. Ṣé abọ́ yẹn ló fà á, àbí rọ́bà náà ni kò mọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. N kò lè dúró lókèèrè dá abọ́ náà lẹ́bi, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí yẹn kò dára. Inú ọ̀rá tí a sé pa ni rọ́bà tuntun ti ń jáde láìní kòkòrò kankan lára. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń lànà fún kòkòrò, pàápàá àwọn tó ń gbé inú ìfun wa bíi E. coli, láti gba ara rẹ̀ gòkè. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, wọn a ta nǹkan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ bo ara wọn, irú èyí tí ọwọ́ máa ń bà nínú ìkòkò omi tí a kò tètè fọ̀, agbára káká sì ni oògùn fi ń wọ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń pààrọ̀ rọ́bà tó ti pẹ́ lára nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Ní ti abọ́, ẹnu kékeré kan wà nísàlẹ̀ àpò ike tí ìtọ̀ ń dà sí. Bí ẹnu yìí bá kan etí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi da ìtọ̀ ẹlòmíràn, kòkòrò onítọ̀hún ti rọ́nà wọlé nìyẹn. Kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní abọ́ tirẹ̀, kí nọ́ọ̀sì sì fọ ọwọ́, kó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, kó tó kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àpò náà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ilé-ìtọ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀.

Ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo inú ilé-ìtọ̀, tí wọ́n ń fọ̀ lò fún ẹlòmíràn, ló tiẹ̀ ń kọ mí lóminú jù, nítorí pé ihò inú rẹ̀ ṣòro fọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí ìròyìn tó lé ní 450, nípa kòkòrò tó wọ aláìsàn lára tàbí ẹ̀rọ tó ṣeé ṣe kó má mọ́, ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Iye ọjọ́ tí rọ́bà fi wà lára ló wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan, kòkòrò máa ń ráyè wọ inú ìtọ̀ nǹkan bí 3 sí 7 nínú 100 aláìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣàìsàn. Bí ó bá ṣì wà lára màmá, ẹ bi dókítà láàárọ̀ ọ̀la bóyá wọ́n ṣì nílò rẹ̀.