Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Mustang Tó Dógùn-ún Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ra ọkọ̀ Ford Mustang ọdún 1967 kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó kó o láti Amẹ́ríkà gba èbúté Kútọnu wọlé. Láti ìgbà tí bàbá ti ṣaláìsí ni ọkọ̀ náà ti wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà wa ní Àjàṣẹ́ níbí, ó sì ti lé lógún ọdún. Ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí ti lu débi pé mo ń rí koríko láti inú ọkọ̀, abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì sì ń bó bí èèpo igi. Tóliyé àdúgbò wa ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun yóò fi páànù òrùlé dí ihò, òun yóò fi másítíìkì, ohun rírọ̀ bí amọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ́jú ara ọkọ̀, lẹ̀ ẹ́, òun yóò sì kùn ún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nọ́ńbà ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7R02C. Ṣé kí n gbà fún un, àbí kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tà á o, ẹ má sì tíì jẹ́ kí tóliyé náà, ẹni tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní páńẹ́ẹ̀bítà, fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà tí ẹ kọ ránṣẹ́ yẹn ti sọ ohun púpọ̀ fún mi: 7 ni ọdún 1967, R ni ilé iṣẹ́ Ford tí wọ́n ń pè ní San Jose, ní ìpínlẹ̀ California, 02 ni irú èyí tí òrùlé rẹ̀ rọra dà sẹ́yìn títí dé ìdí búùtù, tí wọ́n ń pè ní fastback, C sì ni ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ, lítà 4.7. Nínú irú mẹ́ta tí Ford ṣe jáde lọ́dún náà, fastback yìí ni àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ń wá kiri jù lọ. Wọ́n tẹ nọ́ńbà náà mọ́ irin tó wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá máa gé, ẹ má ṣe gé ibẹ̀.

Igi máńgòrò yẹn gan-an ni mo fura sí. Láàárín gíláàsì iwájú àti bọ́nẹ́ẹ̀tì Mustang, àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, lábẹ́ wọn sì ni àpótí irin kan wà, páànù méjì tí wọ́n jó pọ̀ mọ́ra, tí ọwọ́ èèyàn kò lè wọ̀. Ewé tó bá já bọ́ síbẹ̀ kì í jáde mọ́. Yóò jẹrà, yóò di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà yóò sì máa mu omi òjò sára bíi kànrìnkàn títí irin yóò fi lu láti inú wá. Omi tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ibi ẹsẹ̀ awakọ̀ ni yóò kán sí, ìyẹn ibi tí ẹ ti ń rí koríko. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, kí ẹnì kan rọra máa fi kẹ́tù da omi sórí àwọn ihò náà, kí ẹ̀yin sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Bí omi bá kán sí yín láyà, ẹ ti rí orísun ọ̀ràn. Láti tú àpótí náà, ẹ ó yọ mọ́gáàdì iwájú méjèèjì, ẹ ó sì fi dírílì lu gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó ń sú ni ni, mi ò ní tàn yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún ilẹ̀ ọkọ̀ ṣe tó fi àpótí yìí sílẹ̀, ajere ló fi ń pọnmi.

Ní ti páànù òrùlé àti másítíìkì, ẹ rántí pé ọkọ̀ yìí kò ní ṣáásì bíi ti lọ́rì. Páànù ilẹ̀ àti irin abẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n jó mọ́ra wọn ni egungun rẹ̀. Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ìdí nìyẹn tí irin náà fi ń wú tó sì ń bó, bí ẹ bá sì lẹ másítíìkì mọ́ ọn, yóò máa mu ọ̀rinrin, pàápàá ní ìlú ẹ̀bá ọ̀sà bíi tiwa, ìpẹtà yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níbi tí ojú kò tó. Páànù òrùlé fẹ́lẹ́ jù, síǹkì tó wà lára rẹ̀ sì máa ń rú èéfín tó ń dá ibà sí ajórin lára. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé òòfà kékeré, kí ẹ máa fi kan ara ọkọ̀ náà káàkiri. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, másítíìkì ẹlòmíràn ti ṣáájú yín débẹ̀.

Ẹ gé irin náà títí ẹ ó fi kan èyí tó ń dán. Kí ẹ tó gé e, ẹ jó páìpù irin dábùú ẹnu ilẹ̀kùn méjèèjì, kí ẹ sì parí apá kan kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ yóò tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn kò sì ní padé mọ́. Mustang tí wọ́n tà láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ lé ní mílíọ̀nù kan, nítorí náà wọ́n ṣì ń ṣe páànù rẹ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ èmi ni, n ó ra àwọn tó tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ, n ó sì fi irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà kan rọ àwọn yòókù níbí. Ẹ wá ajórin tó ní ẹ̀rọ MIG, èyí tó ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ jó irin, kí ó máa jó o ní ojú kọ̀ọ̀kan, kí irin má bàa gbóná ká.

Ìbéèrè: Mo ń tún Peugeot 504 ẹ̀gbọ́n mi ṣe ní Kétu. Wọ́n ní iná bátìrì lè bó ìpẹtà kúrò lára àwọn nǹkan kéékèèké. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ẹ pọn omi sínú ike, ẹ da ṣíbí sódà ìfọṣọ kan sí lítà mẹ́rin-mẹ́rin. Okùn dúdú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣáàjì bátìrì fólítì 12 ni kí ẹ so mọ́ ohun tó dípẹtà, kí ẹ so okùn pupa mọ́ irin àlòkù; bí ẹ bá ṣì wọ́n so, ohun tí ẹ fẹ́ gbà là gan-an ni iná yóò jẹ. Ẹ má fi irin tí kì í dípẹtà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí, sí apá pupa, nítorí omi náà yóò di májèlé. Afẹ́fẹ́ tó ń hó níbẹ̀ lè gbiná, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, láìsí sìgá nítòsí. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tó gbẹ, ẹ kùn ún lọ́jọ́ náà, nítorí kò ní pẹ́ tí irin ìhòòhò yóò tún pọ́n.

Ìbéèrè: Láti Ṣábẹ ni mo ti ń kọ̀wé. Ṣé a lè fi ẹ̀rọ fẹ́ iyanrìn sí gbogbo ara ọkọ̀ kí ìpẹtà bó lẹ́ẹ̀kan náà?

Ìdáhùn: Rárá. Eruku iyanrìn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìní àwòtán. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé sì fẹ́lẹ́, wọn yóò rún bí aṣọ tí a kò lọ̀; ọwọ́ àti sáńpépà ni kí ẹ fi há wọn.