Súbúwúfà abẹ́ tábìlì kọ̀ǹpútà: àpótí ni kó o kọ́kọ́ rò, àbúrò mi

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní sípíkà kékeré méjì tó ń fi USB gba iná lo fi ń gbọ́ orin nídìí kọ̀ǹpútà, pé béèsì wọn ò tó nǹkan, o sì fẹ́ lo wúfà (sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì) oníǹṣì mẹ́fà ààbọ̀ tí wọ́n tú lára home theatre tòkunbọ̀ láti fi ṣe súbúwúfà, ìyẹn àpótí sípíkà tó wà fún béèsì nìkan, láì náwó rẹpẹtẹ. O béèrè pé ṣé kí àpótí rẹ̀ ní ihò ni àbí kó dé pa, o sì béèrè irú áńpù tó máa gbé e.

Kó dé pa. Mo fẹ́ kí ìyẹn ti wà nílẹ̀ kí àwọn onímọ̀ràn tó dé. Ìdí tí mo fi ń kánjú sọ ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ihò yìí ni ojú mi fi rí màbo.

Nígbà tí èmi fẹ́ ṣe tèmi, wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi nínú ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ. Ẹnjinníà ni gbogbo ọjà ń pè é. Mo bi í pé báwo ni kí àpótí ṣe tóbi tó fún wúfà tó fẹ́ tà fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní pákó ni pákó, inú ihò ni béèsì ń gbà jáde, bí ihò bá ṣe fẹ̀ tó ni béèsì á ṣe pọ̀ tó. Ó nàka sí ẹ̀yìn òòfà níbi tí wọ́n tẹ 1000W sí, ó ní ilé mi á mì. Káfíńtà tirẹ̀ náà ló kan àpótí ọ̀hún: pílàíwúùdù onídajì íǹṣì, ìṣó lásán, kò sí gúlúù kankan. Ó wá gbẹ́ ihò roboto kan síwájú rẹ̀, ihò náà fẹ̀ tó 7.5 sẹ̀ǹtímítà, kò fi páìpù kankan sí i.

Ohùn kan ṣoṣo ló ń jáde nínú ẹ̀. Orin yòówù kí n gbé sí i, ìbáà ṣe fújì, ìbáà ṣe orin ìyìn, "bùùm" kan náà ni. Ẹni tó ń ta gìtá béèsì á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, àpótí yìí ò mọ̀ ọ́n. Bí orin bá wá sọ̀ kalẹ̀ gan-an, kóònù wúfà (ojú rẹ̀ tó ń mì) á máa fò síwá sẹ́yìn, kóìlì rẹ̀ (wáyà wíwé tó wà lẹ́yìn kóònù) á máa gbá irin tó wà lẹ́yìn, tá-tá-tá. Nígbà tó yá, òórùn jíjó jáde. Mo gbé e padà lọ, Ẹnjinníà ní iná NEPA àdúgbò mi ló jó o, ó ní kí n ra oníǹṣì méjìlá. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Èèyàn ń gbowó lórí iṣẹ́ tí kò kọ́, ó tún wá fi iná NEPA bojú.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Nínú àpótí tó dé pa, afẹ́fẹ́ tó há sínú máa ń ti kóònù padà nígbàkígbà tó bá fẹ́ rìn jù. Nínú àpótí oníhò, afẹ́fẹ́ inú ihò àti ti inú àpótí jọ ní ohùn kan tí wọ́n ń dún sí, bí ìgò ṣe ń dún tí èèyàn bá fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀. Ní ìwọ̀n ohùn yẹn, ihò ń ran wúfà lọ́wọ́ dáadáa. Nísàlẹ̀ ohùn yẹn, kò sí ohun tó ń di kóònù mú mọ́, ṣe ló dà bí ẹni pé o gbé wúfà kalẹ̀ síta láìsí àpótí rárá. Bí orin bá wọ ibẹ̀ pẹ̀lú agbára, kóìlì á gbá irin.

Àpótí tí wọ́n kàn fún mi gba nǹkan bí 15 lítà. Pẹ̀lú ihò 7.5 sẹ̀ǹtímítà lára pákó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn tó máa dún sí á tó 115 Hz tàbí kó sún mọ́ ọn (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe kéré tó ni ohùn ṣe wà nísàlẹ̀ tó). Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin, 41 Hz ló ń dún. Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tá à ń pè ní béèsì gan-an wà nísàlẹ̀ ibi tí ihò yẹn ti lè ranni lọ́wọ́. Bó o bá fẹ́ kí ihò tó fẹ̀ tó yẹn sọ̀ kalẹ̀ dé 40 Hz nínú àpótí kan náà, páìpù rẹ̀ máa gùn tó ìdajì mítà. Inú àpótí abẹ́ tábìlì wo lo fẹ́ kì í bọ̀? Bó o bá lo páìpù 5 sẹ̀ǹtímítà, gígùn rẹ̀ á dín kù sí nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Ìyẹn lè wọlé, àmọ́ afẹ́fẹ́ á máa sáré gba inú ibi tóóró yẹn, wàá sì máa gbọ́ "fùù, fùù" lórí orin. Torí náà, bí ihò bá fẹ̀ láìsí páìpù, ńṣe ló ń gbé ohùn àpótí lọ sókè. Òdìkejì ohun tí ọkùnrin yẹn sọ fún mi ni.

Ohun tó sì mú kí n máa bínú ni pé ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Neville Thiele, ará Ọsirélíà, ti gbé ìṣirò àpótí oníhò jáde láti 1961, Richard Small sì fẹ iṣẹ́ náà lójú láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ìṣirò wọn ni gbogbo ayé fi ń kan àpótí sípíkà títí di òní. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń pè ní WinISD, ọ̀fẹ́ ni, òun ló ń bá èèyàn ṣe ìṣirò náà. Ẹni tó bá ń ta wúfà, tó sì ń sọ fún oníbàárà pé pákó ni pákó, ó ń ṣe ìkà.

Ọ̀rọ̀ 1000W ńkọ́? Má gbà á gbọ́ rárá. Agbára tó ń jáde wà lọ́wọ́ iná tó ń wọ áńpù àti ohm wúfà, ìyẹn bí wúfà ṣe ń dènà iná tó. Áńpù kékeré tó ń lo 12V kò lè fún wúfà 4 ohm ní ju wáàtì 18 lọ kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Bó o bá fi ṣájà láptọ́ọ̀pù 19V gbé e, ó lè tó wáàtì 45. Láti ibo ni ẹgbẹ̀rún wáàtì fẹ́ ti wá nínú ìyẹn? Wáàtì 45 sì tó fún yàrá kan, àní ó pọ̀, bí àpótí bá dára. Torí náà, bí ẹni tó ń tajà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka wáàtì fún ẹ, bi í pé kí ló ń kà lórí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná.

Mú mítà lọ sọ́jà. Wúfà 4 ohm tó yè máa ń ka nǹkan bí 3.2 sí 3.6 lórí mítà. Bí wọ́n bá tẹ 8 sí i lára, tí mítà sì ń ka 3.5, irọ́ ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Àwọn home theatre kan wà tí wúfà wọn jẹ́ 3 ohm, áńpù mìíràn kì í fara da ìyẹn, torí náà wò ó kó o tó sanwó. Bí mítà ò bá ka ohunkóhun, kóìlì ti já. Fi ìka méjì ti kóònù wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ rẹ wà ní àárín gbùngbùn: bó bá ń ha nínú, gbé e sílẹ̀, má bá wọn ná an. Tún wo rọ́bà tó yí kóònù ká. Bó bá jẹ́ fóòmù, ooru àti ọjọ́ orí máa ń mú kó rún bí o bá ti fọwọ́ kàn án.

Bó o bá dé ilé, o lè fúnra rẹ mọ ohùn tí wúfà yẹn ń dún sí nínú afẹ́fẹ́ lásán. Wá áàpù orí fóònù tó ń gbé ohùn kan ṣoṣo jáde, so fóònù mọ́ áńpù, fi resistor 100 ohm (nǹkan kékeré tó ń dènà iná) sáàárín áńpù àti wúfà, kí wúfà má gbára lé ohunkóhun, kó o wá fi mítà sí ẹnu wúfà (ibi tí wọ́n ń so wáyà mọ́) ní ibi AC. Bẹ̀rẹ̀ láti 20 Hz, máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí iye orí mítà bá ti ga jù ni. Bó bá jẹ́ 45 tàbí 50, o ti rí wúfà. Bó bá lé ní 80, sípíkà lásán ni wọ́n tà fún ẹ, kò sí àpótí tó máa sọ ọ́ di súbúwúfà. Nínú àpótí tó dé pa, ohùn yẹn á tún gòkè, bí àpótí bá ṣe kéré sí ni yóò ṣe gòkè sí. Bí ti 45 bá gòkè dé 70 tàbí 75, ó dáa fún tábìlì.

Ní ti ìwọ̀n, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú 25 lọ́nà 25 lọ́nà 20 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn 12.5 lítà, fún irú wúfà yẹn. Ìwọ̀n inú ni o, kì í ṣe ti ìta! Tẹ̀ ẹ́ mọ́ káfíńtà létí, torí wọ́n máa ń wọn ìta, wọ́n á sì ní bákan náà ni. Pílàíwúùdù 18 mílímítà ni kó lò. Àwọn èèyàn máa ń yin MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi èérún igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀, ó sì ń dún dáadáa, àmọ́ bí omi òjò bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, yóò wú, kò ní padà. Eruku rẹ̀ náà kò dáa fún èèmí, bí wọ́n bá ń rẹ́ ẹ, fi nǹkan bo imú. Gúlúù ni kó di àpótí mú. Síkúrúù kàn ń mú pákó dání títí gúlúù fi máa gbẹ ni. Jẹ́ kó fi gúlúù sí gbogbo etí pátápátá, dúró tì í, má lọ jẹun. Àwọn káfíńtà wa mọ iṣẹ́ àga àti ìlẹ̀kùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ò gbà pé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ há sínú àpótí, wọ́n rò pé à ń ṣe fáàrí ni.

Bó bá gbẹ tán, fi sílíkónì dí gbogbo igun nínú, dí ibi tí wáyà gbà wọlé, fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ etí wúfà kó o tó dè é. Ki òwú ìrọ̀rí àtijọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀, má kì í pa. Bó o bá wá rọra ti kóònù wọlé tó o sì fi í sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá fò padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń jò. Láti mọ ibi tó ti ń jò, gbé ohùn 30 Hz sí i, kí ohùn rẹ̀ má pọ̀, kó o wá mú àbẹ́là kékeré kan tó o ti tàn káàkiri igun àpótí. Ibi tí iná bá ti ń mì ni afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Rí i dájú pé gúlúù ti gbẹ kó o tó gbé iná súnmọ́ ọn.

Áńpù kò le. Ra pátákó áńpù 2.1 (ti sípíkà méjì àti súbúwúfà kan) tó ń lo ṣíìpù áńpù tí wọ́n ń pè ní TPA3116, èyí tó ní bọ́tìnnì fún ibi tí béèsì máa dúró sí. Fi ṣájà láptọ́ọ̀pù gbé e, pín ohùn láti ẹnu earphone kọ̀ǹpútà sí méjì, ọ̀kan sí sípíkà rẹ, èkejì sí áńpù. Yí bọ́tìnnì yẹn sí nǹkan bí 120 Hz, torí sípíkà kékeré bẹ́ẹ̀ kì í lè sọ̀ kalẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó o wé wáyà kọ́pà ṣe kóìlì tó máa yọ béèsì nìkan jáde, má dá a lóhùn: fún 80 Hz lórí 4 ohm, kóìlì 8 mH (mH ni wọ́n fi ń wọn irú kóìlì bẹ́ẹ̀) ni wàá nílò, owó kọ́pà rẹ̀ á ju owó áńpù lọ.

Ohun tó máa dà ẹ́ láàmú lẹ́yìn ìyẹn ni ìkùn, "hùùù" tí kì í dákẹ́. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo gbé e lọ fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe, ó tú áńpù, ó pààrọ̀ capacitor tí kò ṣe nǹkan kan, ó gbowó, ìkùn náà ò lọ. Áńpù kọ́ ni. Sípíkà rẹ ń gba iná lára kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ USB, ó tún ń gba ohùn lára kọ̀ǹpútà kan náà, wáyà ilẹ̀ ti wá di méjì, iná 50 Hz àti ariwo inú kọ̀ǹpútà ń yí ká inú wọn. Yọ USB sípíkà kúrò lára kọ̀ǹpútà, fi ṣájà fóònù gbé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìkùn náà á dákẹ́. Wọ́n máa ń ta nǹkan kékeré kan tó ń ya wáyà ilẹ̀ sọ́tọ̀, àmọ́ olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ máa ń gé béèsì ìsàlẹ̀ dànù, ohun tó o torí ẹ̀ kan àpótí gan-an nìyẹn.

Kó o tó dè é pa, fi bátìrì 1.5V kan ẹnu wúfà fẹ́ẹ́rẹ́: ẹnu tí pọ́sítíìfù wà nígbà tí kóònù bọ́ síta ni kó o fàmì sí. Bó o bá so gbogbo rẹ̀ tán, yí wáyà wúfà padà lẹ́ẹ̀kan, kó o jókòó sí àyè rẹ, ọ̀nà tí béèsì ti pọ̀ jù nínú méjèèjì ni kó o lò.

Ilẹ̀ ni kó o gbé e sí, kì í ṣe orí tábìlì, pàápàá bí kọ̀ǹpútà rẹ bá ṣì ń lo hard disk tó ń yí. Gé sílípáàsì àtijọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Bí o bá tì í sí igun, béèsì á pọ̀ sí i láìjẹ́ pé o fi owó kún owó, àmọ́ bó bá jẹ́ ilé ojú-kojú lò ń gbé, ògiri ò ní dá béèsì dúró, aládùúgbò rẹ á gbọ́ ọ ṣáájú ìwọ. Máa yọ ṣájà kúrò lára iná kó o tó yí láti jẹnẹrétọ̀ sí NEPA. Má sì tú ṣájà láptọ́ọ̀pù wò o, iná inú rẹ̀ lè pani kódà lẹ́yìn tó o bá ti yọ ọ́.

Bó o bá ti ra wúfà náà, kọ ohun tí mítà kà àti ohùn tó dún sí síbí, kí n bá ẹ wo ìwọ̀n àpótí kó o tó fún káfíńtà lówó.