Ìwé àwìn ló là mí lójú

Ẹnì kan béèrè pé kí ni èrè rírajà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré àdúgbò nígbà tí ilé ìtajà ńlá ń ta ohun kan náà lọ́pọ̀. Mi ò ní bá a jiyàn lórí owó. Òótọ́ ni, ọjà wa máa ń wọ́n díẹ̀. Ọdún 11 ni mo fi dúró lẹ́yìn káńtà kí n tó ti ìlẹ̀kùn pa. Àwọn ilé ìtajà ńlá ń gba ọjà tààrà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe é. Èmi ń rà á lọ́wọ́ alágbàtà tó ti yọ èrè tiẹ̀. Nígbà míì, iye tí wọ́n ń tà á kò tó iye tí mo fi rà á. Mo gbìyànjú láti bá wọn dọ́gba lẹ́ẹ̀kan. Láàárín oṣù 4, mo ti ń jẹ ojú owó.

Pé owó ń yí láàárín àdúgbò, ẹ ti gbọ́ ìyẹn. Pé wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìwé àwìn ni mo fẹ́ sọ.

Láti inú ẹ̀ ni mo ti máa ń mọ ẹni tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kí ará ilé ẹ̀ tó mọ̀. Ẹni tó ń ra èyí tó tóbi tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ra èyí tó kéré jù, kò ní ṣàwàdà mọ́, á dúró kí àwọn tó kù lọ tán kó tó la ẹnu. Ọkùnrin kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3. Kò bẹ̀ mí, èmi náà ò bi í léèrè. Mo kàn ń di ohun tó máa ń rà tẹ́lẹ̀ fún un, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù 8 ló fi san án tán. Ẹlòmíì kó lọ láìdágbére, gbèsè ẹ̀ ṣì wà lójú ìwé dòní. Ta ni kó tajà láwìn báyẹn ní ilé ìtajà ńlá, níbi tó jẹ́ pé oṣooṣù ni wọ́n ń pààrọ̀ àwọn tó ń gbowó ọjà? Wọn ò burú o. Wọn ò láṣẹ ni.

Nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà ní 2020, àwọn tó ń gba iwájú mi kọjá láìkí mi wá mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo ń gbé ọjà lọ sẹ́nu ọ̀nà àwọn àgbàlagbà. Bí wọ́n ṣe ní ká máa jáde, kálukú padà síbi tó ti wá.

Lọ́jọ́ tí mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, àwọn kan sunkún. Mo wò wọ́n, mo rántí ohun tí wọ́n ń rà: bátìrì kan lálẹ́, abẹ́rẹ́ kan lọ́jọ́ ìsinmi. Ìyẹn ò lè san owó ilé. Tí ẹ bá fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò tiyín wà pẹ́, ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa rà á níbẹ̀. Tí ẹ bá gbàwìn, ẹ san án lọ́jọ́ tí ẹ dá.

Àwọn kan ṣì ń mú kọ́kọ́rọ́ wọn wá bá mi nílé o. Mo ń gbà á.