Ṣé kí n tú u? Ìdáhùn fún ìyá ọmọ tí òwú pupa rẹ̀ di àwọ̀ méjì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń fi cross stitch, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ oní-X kéékèèké, kọ orúkọ ọmọ mi, tí mo sì ń fi òdòdó yí i ká. Mo fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri kí ọmọ náà tó pé ọdún kan. Inú ìdì òwú kan ṣoṣo ni mo ti yọ pupa tí mo fi ṣe òdòdó, àmọ́ tí mo bá sún sẹ́yìn díẹ̀, pupa méjì ni mò ń rí. Òwú náà ń ta kókó ṣáá, ó sì ń tán bí ẹni pé ẹnì kan ń jẹ ẹ́ lóru. Fọ́nrán mẹ́ta ni mò ń lò pọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ti àbúrò màmá mi, tó ti ṣe tíṣà rí. Wọ́n yí aṣọ náà padà, wọ́n wo òdì rẹ̀, wọ́n pòṣé, wọ́n ní kí n tú gbogbo rẹ̀. Ṣé kí n tú u? *Ìyá ọmọ kan, Òṣogbo.*

Ìdáhùn: Ẹ gbé sísọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀ ná. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ẹyọ kan ló ṣeé ṣe kó gba títú, kì í sì í ṣe òdì aṣọ.

Pupa yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú. Òwú yín kò yí àwọ̀ padà. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé e ló yàtọ̀. Òwú kọ́tìnnì tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú omi sódà líle, wọ́n sì nà án kó lè máa dán. Ohun tó bá ń dán kì í sì í dán bákan náà láti gbogbo ìhà. Ẹ ti fọwọ́ pa aṣọ àrán rí. Tí ẹ bá pa á lọ sókè, á ṣókùnkùn, tí ẹ bá pa á wálẹ̀, á mọ́lẹ̀, aṣọ kan náà sì ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òdòdó yín nìyẹn.

X kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan lábẹ́, ọ̀kan lórí. Ẹsẹ̀ tó wà lórí ni ojú ń rí. Bíi ti ilà bààmú, ìhà kan ṣoṣo ló yẹ kó fì sí lórí gbogbo aṣọ náà. Bó bá lọ láti igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì sí igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún níbì kan, tó wá lọ láti igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún sí igun òkè lọ́wọ́ òsì níbòmíràn, pupa méjì lẹ máa rí dandan.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ tí ẹ kò fi mọ̀? Ẹ yí húùpù ni, òrùka tí a fi ń na aṣọ tí à ń rán. Ẹ dé ibi ewé òdòdó tó wà ní ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ kò dé ibẹ̀ dáadáa, ẹ bá yí aṣọ kó lè rọrùn, òkè aṣọ wá di ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ yín ṣì ń rán bó ṣe ń rán tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ X ti fì sí ìhà kejì. Ẹ kíyè sí i pé bí ẹ bá yí aṣọ náà pátápátá, tí orí di ìdí, kò sí ewu, ẹsẹ̀ á ṣì fì síbi tó ń fì sí tẹ́lẹ̀. Kí òkè di ẹ̀gbẹ́ ló ń dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti ṣe é rí. Aṣọ tábìlì kan ni, òdòdó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ń yí i bí mo ṣe ń kúrò ní igun kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún oníbàárà, igun kìíní bá ìkẹta mu, ìkejì bá ìkẹrin mu. Oníbàárà ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, “Màmá, ṣé òwú tán lọ́wọ́ yín ni?” Láti ọjọ́ náà, òwú aláwọ̀ ewé kékeré kan máa ń wà ní igun òkè, lọ́wọ́ ọ̀tún, lára gbogbo aṣọ tí mo bá ń ṣe. Bí mo bá gbé iṣẹ́ tí n kò rí òwú náà níbi tó yẹ kó wà, mo ti mọ̀ pé mo gbé e sódì.

Ẹ gbé tiyín lọ sẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀, kí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí ẹ wo ẹsẹ̀ X. Ibi tó fì sódì á hàn. Bí kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin pupa náà lọ, ẹ tú ibẹ̀ nìkan. Bó bá jẹ́ pé odindi ewé òdòdó kan fì síhìn-ín, odindi òmíràn fì sọ́hùn-ún, ẹ fi sílẹ̀. Ojú á rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi òjìji sí i ni, èmi náà kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìhà tí ẹ bá sì yàn kò ṣe nǹkan kan. Ọlọ́wọ́ òsì pọ̀ nínú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́, ẹsẹ̀ tiwọn sábà máa ń fì sí ìhà kejì, iṣẹ́ wọn sì dán bíi ti ẹnikẹ́ni.

Tí ẹ bá fẹ́ tú, ẹ yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́, kí ẹ máa fi abẹ́rẹ́ fa X kọ̀ọ̀kan jáde, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ẹ rán kẹ́yìn. Bó bá ju ìlà méjì lọ, ẹ gé e láti òdì, kí ẹ fi ìka yọ àjákù rẹ̀. Ẹ má fi òwú tí ẹ tú rán nǹkan mọ́. Ó ti họ, kò ní dán mọ́, ẹ̀ẹ̀kan sí i lẹ ó tún rí pupa méjì.

Ó wá kan òwú tó ń tán. Ẹ fi rúlà lé aṣọ Aida yín, ìyẹn aṣọ oníhò tí ẹ ń rán X sí, kí ẹ ka iye X tó lè wọ inú íǹṣì kan. Bó bá jẹ́ 14, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, fọ́nrán méjì ló tó o. Bó bá jẹ́ 11, mẹ́ta tí ẹ ń lò dára. Ìdì òwú ilé iṣẹ́ DMC kan gùn ní mítà 8, fọ́nrán 6 ló sì wà nínú rẹ̀, àpapọ̀ mítà 48 tí a bá tú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá ń lo méjì pọ̀, ẹ ní mítà 24 láti fi rán nǹkan. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, 16 péré ni. Ẹni tó ń jẹ òwú yín lóru nìyẹn. Àmọ́ nísinsìnyí tí ẹ ti fi mẹ́ta rìn jìnnà, ẹ fi mẹ́ta parí èyí, nítorí bí ẹ bá já a sí méjì láàárín ọ̀nà, apá kan á kún, apá kan á gbẹ.

Kókó tó ń ta, gígùn òwú ló sábà máa ń fà á. Ẹ fẹ́ yẹra fún fífi òwú sójú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ bá gé e gùn bí okùn ìfami. Bí òwú bá ṣe ń gba inú ihò kọjá ló ń họ, bí abẹ́rẹ́ bá sì ṣe ń yí lọ́wọ́ yín ni òwú náà ń lọ́. Kí ó má ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, láti orí ìka dé ìgúnpá. Lẹ́yìn náà, ẹ fa fọ́nrán yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ di orí ìdì mú, kí ẹ fa ẹyọ kan sókè tààrà. Àwọn tó kù á súnkì, wọ́n á sì tún nà padà fúnra wọn. Bí ẹ bá fa mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kókó yín nìyẹn. Tí ẹ bá ti yọ wọn tán, ẹ tò wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó wọ ojú abẹ́rẹ́.

Tí ẹ bá ti rán X mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀wọ́ abẹ́rẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ aṣọ. Á máa yí fúnra rẹ̀ títí òwú á fi tú. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ kú ni kí ẹ lò, nọ́ńbà 24 fún aṣọ 14. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó mú á máa gún òwú tí ẹ ti rán tẹ́lẹ̀, ìyẹn náà ń dá kókó sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ń fi itọ́ sí òwú kí ó tó wọlé. Gbogbo wa la ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gé orí òwú ní gígé tuntun, tí sísọ́ọ̀sì náà sì mú, itọ́ kò pọn dandan.

Ìwà kan tún wà tí mi ò lè fi sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo bá ń rán ẹsẹ̀ tó wà lórí, mo máa ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gba àárín fọ́nrán méjèèjì kọjá kó tó wọlẹ̀, kí wọ́n lè sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láì lọ́ pọ̀. Èmi kì í ṣe é fún ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, ta ló fẹ́ rí i? Àwọn kan ń ṣe é fún méjèèjì. Wọ́n ní sùúrù jù mí lọ.

Ó wá ku Àǹtí yín tó jẹ́ tíṣà. Ẹ má bá wọn jiyàn, nítorí ohun tí wọ́n sọ ní ìpìlẹ̀. Nílẹ̀ Yúróòpù, irú X yìí ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sára aṣọ ibùsùn àti aṣọ ìnura, kí ti ilé kan má bàa dàpọ̀ mọ́ ti òmíràn níbi ìfọṣọ. Aṣọ tí wọ́n ń rí ojú rẹ̀ tí wọ́n sì ń rí òdì rẹ̀ ni, nítorí náà òdì gbọ́dọ̀ mọ́. Àwọn ìyàwó míṣọ́nnárì kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wá fún àwọn ọmọbìnrin wa. Anna Hinderer, tó bá ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, wà lára wọn. Títí di àkókò tèmi náà nílé ìwé, tíṣà kì í wo ojú iṣẹ́ kó tó yí i padà. Fún ańkáṣíìfù tàbí aṣọ orí tábìlì, Àǹtí yín tọ̀nà. Tiyín máa wọ inú férémù, páálí á bo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó máa tú férémù láti wo òdì.

Ohun méjì péré ló wà lódì tó lè ba ojú jẹ́. Èkíní ni kókó, nítorí tí aṣọ bá nà sórí páálí, á yọ gọngọ síwájú. Èkejì ni òwú tó fò láti ibì kan sí ibòmíràn lẹ́yìn ibi tí ẹ kò rán nǹkan kan sí. Pupa tàbí dúdú lẹ́yìn aṣọ funfun máa ń hàn bí òjìji. Tí ìfò náà kò bá ju X mẹ́rin lọ, mo máa ń gbójú fò ó. Ẹ gbé aṣọ náà síwájú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí èyí tó ń hàn.

Ẹ kò ní láti tú ojú aṣọ nítorí ìyẹn. Ẹ gé òwú tó fò náà láàárín, kí ẹ fi etí rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ X mẹ́rin tàbí márùn-ún lódì. Bí etí náà bá kúrú jù láti wọ abẹ́rẹ́, ẹ kọ́kọ́ ti abẹ́rẹ́ òfìfo gba abẹ́ àwọn X náà títí ojú rẹ̀ á fi kù díẹ̀ kó wọlé, kí ẹ wá fi òwú kúkúrú náà sójú rẹ̀, kí ẹ fà á kọjá. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kí ẹnì kan tó fi èyí hàn mí. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má fi kókó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka di ìdí òwú mú lẹ́yìn aṣọ, kí X márùn-ún àkọ́kọ́ rán an mọ́lẹ̀.

Ẹ kò béèrè nípa kíka iye X, ṣùgbọ́n màá fi kún un, torí ilé Yorùbá kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń dákẹ́ ka iye nǹkan. Mo lè ti ka X dé mẹ́tàdínlógójì, kí aládùúgbò wọlé pé “Ẹ kú ilé o,” n kò lè má dáhùn, iye ti lọ. Òwú ìránṣọ lásán ni mo fi ń pín aṣọ sí àpótí X 10 sí 10 kí n tó bẹ̀rẹ̀, màá sì fà á yọ níkẹyìn. Bí mo bá sọnù, inú àpótí kan ni mo sọnù sí. Lákòókò ọyẹ́, ẹ fọ òrí kúrò lọ́wọ́ kí ẹ tó mú aṣọ, òróró kì í kúrò lára Aida bọ̀rọ̀. Kí ẹ sì máa yọ húùpù lálaalẹ́, àmì rẹ̀ ṣòro láti lọ̀ kúrò bó bá pẹ́.

Kí ẹ tó fọ̀ ọ́ fún férémù, ẹ dán pupa yẹn wò lónìí pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹ rẹ òwú náà sómi, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí aṣọ náà bá pọ́n, omi tútù ni kí ẹ fi fọ iṣẹ́ náà, kí ẹ máa pààrọ̀ omi títí tí kò fi ní pọ́n mọ́. Ẹ má fún un, ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ nígbà tí àwọ̀ ṣì ń jáde. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sílẹ̀, kí ẹ da ojú iṣẹ́ náà dé e, kí ẹ lọ̀ ọ́ láti òdì.